Bí Ẹ Ṣe Lè Fi Họlidé Ọlọ́jọ́ Gígùn Kọ́ Àwọn Ọmọ Àdúgbò Yín ní Kódìǹgì àti Rọ́bọ́ọ̀tì

Tí ilé ìwé bá ti wọ họlidé ní ìparí oṣù Keje, a mọ bó ṣe máa ń rí. Òbí tó bá rówó á fi ọmọ sí lẹ́sìn, níbi tí wọ́n á ti máa da nóòtì kíláàsì tó ń bọ̀ kọ fún un. Ọmọ ẹni tí kò rówó á máa bá ìyá rẹ̀ jókòó ní ṣọ́ọ̀bù títí oṣù Kẹsàn-án á fi wọlé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin péré nínú àsìkò yẹn tó fún ọmọ tí kò fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà rí láti to ọkọ̀ kékeré kan tó ń dá rìn, tó ń mọ̀ pé ògiri wà níwájú, tó sì ń yà fún un. Ojú mi ló ṣe, nínú gbọ̀ngàn kékeré kan ní Abẹ́òkúta níbí, ó sì ti ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọọdún látìgbà náà.

Ẹni tó bá fẹ́ dá irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀: olùkọ́, ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó fẹ́ ṣe nǹkan fún àdúgbò rẹ̀, ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ti mọ́sálásí, àti àwọn èèyàn wa tó wà lókè òkun tí wọ́n ń wá ohun rere tí wọ́n lè náwó lé lórí nílé. Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá jẹ́ ẹ̀ńjíníà. Bẹ́ ẹ bá lè fara balẹ̀ kọ́ ohun tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí ní oṣù méjì ṣáájú àwọn ọmọ, ó tó.

Ohun kan ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ dì mú gírígírí ju ìyókù lọ. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń wá ibi tí nǹkan ti bàjẹ́ ni iṣẹ́ ń wá kiri. Kóòdù, ìyẹn àṣẹ tí a kọ fún ẹ̀rọ, èèyàn lè rí i dà kọ. Àmọ́ nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró gbagidi tí kò lọ mọ́, ẹni tó lè sọ pé bóyá bátìrì ni, bóyá wáyà ni, bóyá kóòdù ni, tó sì ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan láìbínú, ẹni náà ti ní iṣẹ́ lọ́wọ́, ì báà jẹ́ ní báńkì, ní ilé iṣẹ́ tó ń ṣe bisikíìtì, tàbí ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún ínfátà ṣe. Nítorí náà, bí ọmọ ṣe máa bá àṣìṣe pàdé, tó sì máa fọwọ́ ara rẹ̀ tú u, ni mo fi ṣe ìpìlẹ̀ gbogbo ètò yìí.

Iye ọmọ tẹ́ ẹ lè gbà

Ọmọ 16 ni mo máa ń gbà, àgbà méjì ló sì máa ń wà nínú gbọ̀ngàn nígbà gbogbo. Ọmọ méjì sí kọ̀ǹpútà kan, ọmọ méjì sí àpótí irinṣẹ́ kan. Bí wọ́n bá pé mẹ́ta nídìí àpótí kan, ẹnì kan á di òǹwòran, ọ̀sẹ̀ kejì kò sì ní tán kó tó dẹ́kun wíwá. Àwọn òbí á bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ kàn fi ọmọ tàwọn kún un. Ẹ kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Ọmọ ọdún 11 sí 17 ló dáa jù, ìyẹn JSS1 sí SS2. Ẹ rí i dájú pé ìdajì wọn jẹ́ ọmọbìnrin. Kò ní ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀, torí ọmọkùnrin ni wọ́n máa kọ́kọ́ mú wá bá yín. Ẹ gba ọjà lọ, kẹ́ ẹ bá àwọn ìyá sọ̀rọ̀ níbi tí wọ́n ti ń tajà. Abisoye Ajayi-Akinfolarin, tó ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin ní kódìǹgì ní Èkó, tó sì mú àwọn ọmọ Makoko wọ̀ ọ́, wà lára àwọn mẹ́wàá tí CNN dá lọ́lá gẹ́gẹ́ bí akọni ní 2018. Mo máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àwọn ìyá náà, wọ́n sì máa ń gbọ́.

Tí wọ́n bá ti wá, iṣẹ́ kò tíì parí. Ní ogún ìṣẹ́jú, ogún ìṣẹ́jú, kí ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà àti ẹni tó wà nídìí wáyà pààrọ̀ àyè. Aago ni mo fi ń ṣe é. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi aago ṣe é, ọmọkùnrin ló ń di wáyà mú láti àárọ̀ di ọ̀sán, ọmọbìnrin á sì máa bá a kọ nóòtì.

Kí òbí kọ̀ọ̀kan fọwọ́ sí ìwé kó tó di ọjọ́ kìíní: ta ló máa wá mú ọmọ lọ sílé, nọ́ńbà fóònù wo la lè pè, ǹjẹ́ a lè ya ọmọ náà ní fọ́tò. Ẹ má gbójú fo ìyẹn.

Ibi ìjókòó, iná àti íntánẹ́ẹ̀tì

Ẹ má fi ètò yín ti iná NEPA. Láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tó ní RAM 4GB lè ṣe gbogbo iṣẹ́ tó wà níbí, tí bátìrì rẹ̀ bá ṣì ń gbé iná dúró fún wákàtí méjì. Ẹ ṣáàjì wọn lálẹ́, ní ibikíbi tí iná bá wà. Bọ́ọ̀dù tí àwọn ọmọ máa lò fúnra rẹ̀ kì í jẹ iná púpọ̀, èyí tó ń gbà láti ara wáyà USB, ìyẹn 5V, ti tó o. Ínfátà kékeré kan á gbé yín dé ìparí. Jẹnẹrétọ̀ lè ṣe é, àmọ́ ariwo rẹ̀ ń pa ohùn àwọn ọmọ tí kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ sókè, àwọn yẹn gan-an lẹ sì fẹ́ gbọ́ ohùn wọn.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago kan ọ̀sán, ọjọ́ Ajé sí Ọjọ́bọ. Ọjọ́ Ẹtì jẹ́ ti ẹ̀yin olùkọ́, kẹ́ ẹ fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Ẹ gbà pé kò sí dátà. Ẹ wa gbogbo ohun tẹ́ ẹ nílò sórí fláàṣì kí họlidé tó bẹ̀rẹ̀: Scratch tí ọmọdé fi ń kọ́ kóòdù, èyí tó ń ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì, Arduino IDE tí a fi ń kọ kóòdù sínú bọ́ọ̀dù, àti Thonny fún àwọn àgbà inú wọn tó bá máa fọwọ́ kan Python, èdè kóòdù mìíràn. Ẹ fi dráífà CH340 kún un. Mo ń bọ̀ wá sórí ìyẹn.

Àpótí irinṣẹ́

Arduino Uno ni mo ń lò, bọ́ọ̀dù kékeré tí a ń kọ kóòdù sínú rẹ̀ kó lè darí gílóòbù, sẹ́ńsọ̀ àti mọ́tọ̀. Ìlú Ivrea ní Ítálì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ Arduino ní 2005, fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í ṣe ẹ̀ńjíníà. Wọ́n wá gbé àwòrán bí wọ́n ṣe to bọ́ọ̀dù náà síta kí ẹnikẹ́ni lè ṣe irú rẹ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ṣáínà fi ń ṣe ẹ̀dà rẹ̀ tó dínwó, tí kò sì sí olè jíjà níbẹ̀. Ẹ̀dà yẹn lẹ máa rí ní Computer Village ní Ìkẹjà tàbí ní ọjà Alaba. Púpọ̀ nínú wọn ló ń fi ẹ̀rọ kékeré tó ń jẹ́ CH340 bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀. Bí Windows yín bá ti pẹ́, kò ní dá bọ́ọ̀dù náà mọ̀ rárá àfi tẹ́ ẹ bá fún un ní dráífà yẹn. Mo mọ ẹni tó ti da bọ́ọ̀dù tó dáa nù nítorí èyí.

Bẹ́ ẹ bá ní ẹbí ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń bọ̀ wálé, ẹ ní kó bá yín mú micro:bit díẹ̀ bọ̀, bọ́ọ̀dù kékeré míì tí wọ́n ṣe fún ọmọ ilé ìwé. BBC ló dá a sílẹ̀, tí wọ́n sì pín nǹkan bíi mílíọ̀nù kan rẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé ìwé ní UK lọ́fẹ̀ẹ́ ní 2016. Ó rọrùn fún àwọn ọmọ JSS1. Àmọ́ Arduino ni ẹ lè tètè rí òmíràn rà bí ọ̀kan bá jóná, èmi ò sì fẹ́ fi ohun tí mi ò lè rí rà ní Nàìjíríà ṣe òpó iṣẹ́ mi.

Ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan: Arduino kan àti wáyà USB rẹ̀, breadboard kan (pátákó oníhò tí a ti ń so wáyà pọ̀), gílóòbù LED mẹ́wàá, resistor 220 ohm mẹ́wàá, wáyà kéékèèké tó pọ̀ díẹ̀, sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 kan tó ń fi ìró wọn ọ̀nà jíjìn, ẹ̀rọ L298N tó ń darí mọ́tọ̀, mọ́tọ̀ aláwọ̀ yẹ́lò méjì pẹ̀lú táyà wọn, táyà kékeré tó ń yí síbi gbogbo, ilé bátìrì, àti ohun kékeré kan tó ń ké píì. Fún gbogbo ọmọ mẹ́rin, ẹ ra mítà kan tí wọ́n fi ń wọn iná. Ara ọkọ̀, ẹ má rà á. Káfíńtà àdúgbò yín á gé páákó pẹlẹbẹ mẹ́jọ fún yín ní ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ lu ihò rẹ̀ fúnra wọn.

Ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò nílé, lọ́kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún kan, mo ra sẹ́ńsọ̀ mẹ́jọ lọ́wọ́ ẹnì kan, mi ò dán an wò, méjì nínú rẹ̀ ti kú kó tó kúrò nínú ọ̀rá. Níwájú àwọn ọmọ ni mo ti mọ̀. Ọmọkùnrin kan fi odindi àárọ̀ gbà pé òun ló ba nǹkan jẹ́, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Ó ṣì ń dùn mí.

Ẹ kọ nọ́ńbà sára àpótí, kẹ́ ẹ lẹ ìwé ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ ìdérí. Kí àwọn méjì tó ni ín kà á láàárọ̀, kí wọ́n tún kà á kí wọ́n tó lọ sílé.

Ọ̀sẹ̀ kìíní: ẹ gbé kọ̀ǹpútà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná

Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, a kì í tan kọ̀ǹpútà. Àwọn ọmọ kì í fẹ́ràn rẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, àmọ́ mi ò yí i padà.

Ọpọ́n ayò ni mo máa ń gbé síwájú wọn. Ihò 12, ọmọ ayò 48, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Mo á ní kí wọ́n kọ ọ́ sórí ìwé fún ẹni tí kò ta ayò rí, bó ṣe máa ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á kọ pé: "Kó ayò, kí o sì gbìn ín." Èmi á di ẹni tí kò gbọ́n, tó ń ṣe kìkì ohun tó wà lórí ìwé. Ayò wo ni kí n kó? Nínú ihò wo? Apá ibo ni kí n gbà? Mo á da gbogbo rẹ̀ sínú ihò kan, wọ́n á pariwo, wọ́n á gba ìwé wọn padà, wọ́n á tún un kọ. Nígbà tó bá fi máa di ìgbà kẹrin tàbí ìkarùn-ún, ohun tó máa wà lórí ìwé nìyí:

Kó gbogbo ọmọ tó wà nínú ihò tí o yàn.
Sún sí ihò tó kàn lápá ọ̀tún, sọ ọmọ kan sí i.
Bí ọmọ bá ṣì kù lọ́wọ́ rẹ, padà sí ìlà kejì.
Bí ọwọ́ rẹ bá ti ṣófo, dúró.

Ìyẹn ni lúùpù, àṣẹ tó ń tún ara rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ wọn ti mọ̀ ọ́n kí etí wọn tó gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà a á fi ti jíjẹ kún un, bí a ṣe ń ta á ládùúgbò wa: bí ihò tó o parí sí bá jẹ́ ti ẹnìkejì, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ bá di méjì tàbí mẹ́ta, jẹ ẹ́, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, fi sílẹ̀. "Bí" àti "bí kò bá rí bẹ́ẹ̀" yẹn ni *if* àti *else* tí wọ́n máa bá pàdé títí ayé wọn lẹ́nu iṣẹ́ yìí.

Yorùbá ni mo fi ń ṣàlàyé, láti òkèdélẹ̀. Kóòdù fúnra rẹ̀ á wà ní Gẹ̀ẹ́sì torí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe dá a, àmọ́ ìrònú tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní èdè. *Variable*, mo ń pè é ní igbá tó ní orúkọ lára, tí èèyàn lè da ohun inú rẹ̀ nù kó sì bu òmíràn sí i. Ọmọ tí kì í dáhùn ìbéèrè ní kíláàsì rẹ̀ lè bá yín jiyàn títí nípa igbá.

Lẹ́yìn èyí la wá ń tan kọ̀ǹpútà, kí wọ́n fi Scratch ṣeré ní ọjọ́ méjì tó kù. MIT ní Amẹ́ríkà ló gbé Scratch jáde ní 2007. Fífà àti títò ni wọ́n ń fi ṣe é, kò sí ìtẹ̀ púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ má pẹ́ níbẹ̀ jù.

Ọ̀sẹ̀ kejì: gílóòbù kan, sẹ́ńsọ̀ kan

Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú gílóòbù kan ṣoṣo. Ẹsẹ̀ LED tó gùn ni ti ìwọlé iná: ẹ gbé e gba ara resistor 220 ohm kẹ́ ẹ tó mú un lọ sí ihò 13 lára Arduino. Ẹsẹ̀ tó kúrú ń lọ sí GND, ibi tí iná ń padà sí. Resistor yẹn ni kì í jẹ́ kí iná pọ̀ ju agbára gílóòbù lọ, ẹni tó bá yọ ọ́ lè jó gílóòbù rẹ̀. Kóòdù rẹ̀ rèé:

void setup() {
  pinMode(13, OUTPUT);
}
void loop() {
  digitalWrite(13, HIGH);
  delay(1000);
  digitalWrite(13, LOW);
  delay(1000);
}

1000 yẹn jẹ́ ìdá ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ́nà 1000, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí wọ́n yí i sí 100, kí wọ́n yí i sí 20, kí wọ́n máa dín in kù títí ojú wọn kò fi ní lè yà á mọ́.

Ibi tí mo ń fẹ́ kẹ́ ẹ dúró sí pẹ́ nìyí. Tí gílóòbù gbogbo wọn bá ti ń ṣẹ́jú, mo máa ń ní kí wọ́n jáde lọ mu omi. Mo á ba nǹkan kan jẹ́ nídìí àpótí kọ̀ọ̀kan. Mo á yí gílóòbù sódì níbi kan. Mo á yọ àmì ";" kan kúrò lára kóòdù níbòmíràn. Mo á sún wáyà kan sí ihò 12. Mo á fa wáyà GND jáde díẹ̀, tó fi jẹ́ pé ó dà bíi pé ó ṣì wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá wọlé, mo á sọ fún wọn pé mo ti ba nǹkan jẹ́, pé kí wọ́n wá a, pé wọn ò gbọdọ̀ tú gbogbo rẹ̀ ká.

Àwọn ọmọbìnrin méjì kan ló kọ́ mi ní ohun tí mo wá ń kọ́ gbogbo àwọn tó tẹ̀ lé wọn. Gílóòbù wọn kò tàn. Èyí tó kéré nínú wọn tẹjú mọ́ bọ́ọ̀dù fúnra rẹ̀, ó ní: "Bùrọ̀dá, gílóòbù kékeré tó wà lára bọ́ọ̀dù yìí ṣì ń ṣẹ́jú." Lóòótọ́, Arduino Uno ní gílóòbù tirẹ̀ tó so mọ́ 13. Èkejì rẹ̀ dákẹ́ díẹ̀, ó wá sọ pé bó bá rí bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kóòdù dáa, bọ́ọ̀dù náà dáa, wáyà ló kù. Ìṣẹ́jú kan kò pé tí wọ́n fi rí i. Wọn ò fọwọ́ kan kóòdù rárá. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n gé ọ̀rọ̀ náà sí méjì, wọ́n ju apá tó dáa sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí atún-rédíò-ṣe ṣe ń wá àbùkù rédíò nìyẹn.

Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ìwé àṣìṣe tirẹ̀. Lójoojúmọ́, kó kọ ohun mẹ́ta: kí ló ṣẹlẹ̀, kí ni mo kọ́kọ́ rò pé ó fà á, kí ló fà á gan-an. Yorùbá tàbí Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó bá wù ú. Bí ẹnikẹ́ni bá pè yín pé kẹ́ ẹ wá wo iṣẹ́ òun, ìwé yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè. Ẹ kó ọwọ́ yín sẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ bá ń wò ó. Olùkọ́ tó bá fọwọ́ kan wáyà ọmọ ti gba ẹ̀kọ́ ọjọ́ yẹn lọ́wọ́ rẹ̀.

Sẹ́ńsọ̀ HC-SR04 ló kàn. Ó ń pariwo tí etí èèyàn kò lè gbọ́, ó sì ń dúró de gbohùngbohùn. Àwọn ọmọ Abẹ́òkúta mọ gbohùngbohùn, wọ́n ti pariwo nídìí Olúmọ rí. Ìró ń rin nǹkan bíi mítà 343 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ògiri bá wà ní mítà kan sí sẹ́ńsọ̀, ìró náà á lọ, á sì bọ̀, mítà méjì nìyẹn. Nọ́ńbà tí Arduino máa gbé jáde á sún mọ́ 5,800, èyí tó jẹ́ ìdá mílíọ̀nù ìṣẹ́jú àáyá. Kí wọ́n sọ ọ́ di púpọ̀ pẹ̀lú 0.034, kí wọ́n pín in sí méjì, ó di bíi sẹ̀ǹtímítà 99. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ìṣirò yìí lórí ìwé kó tó di pé wọ́n kọ ọ́ sínú kóòdù, kí wọ́n sì fi téèpù aránṣọ wọn ilẹ̀ bóyá òótọ́ ni. Ọmọ kan béèrè ìdí tí a fi ń pín in sí méjì, ọmọ mìíràn ló dá a lóhùn pé owó ọkọ̀ àlọ àti àbọ̀ ni.

Ọ̀sẹ̀ kẹta: ọkọ̀

Mọ́tọ̀ kì í gba iná tààrà lára Arduino, bọ́ọ̀dù náà kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. L298N ló ń gba àṣẹ lọ́wọ́ Arduino, tó sì ń bu iná fún mọ́tọ̀ láti inú bátìrì. Òun fúnra rẹ̀ ń jẹ bíi 2V nínú iná náà, ẹ fi í sọ́kàn tí ọkọ̀ kan bá ń wọ́ ilẹ̀: bátìrì AA mẹ́rin ń fúnni ní 6V, ohun tó máa dé ọ̀dọ̀ mọ́tọ̀ kò ju bíi 4V lọ.

Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ eré mọ́tọ̀ fún Arduino bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó sì parí sí 255. Wọ́n máa ń béèrè pé kí ló dé tí kò fi jẹ́ 100. Mo á fa ìlà mẹ́jọ sára pátákó, mo á ní ìlà kọ̀ọ̀kan lè jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, mélòó ni oríṣi tí a lè rí? Méjì lọ́nà méjì, lẹ́ẹ̀mẹjọ: 256. Àwọn tó bá jẹ́ ilé babaláwo ni wọ́n ti wá á dáhùn kí n tó parí ọ̀rọ̀, torí iye odù nìyẹn, ìlà mẹ́jọ lára odù kọ̀ọ̀kan, kí ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì. Bí a bá ka òdo mọ́ ọn, 0 sí 255 jẹ́ 256. Ẹ má fi ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn, ìṣirò ni. Inú ọmọ máa ń dùn láti mọ̀ pé wọ́n ti ń kà á báyìí nílé tòun kí kọ̀ǹpútà tó dé.

Àṣìṣe mẹ́ta ló máa ń gba ọ̀sẹ̀ yìí. Táyà kan ń lọ síwájú, èkejì ń lọ sẹ́yìn, ọkọ̀ ń pòòyì lójú kan: kí wọ́n pààrọ̀ wáyà méjèèjì mọ́tọ̀ kan, ó tán. Ìkejì, gbogbo nǹkan tàn, mọ́tọ̀ kò gbọ́ àṣẹ: GND bátìrì kò so pọ̀ mọ́ GND Arduino. Èyí ló wọ́pọ̀ jù. Ìkẹta, ọkọ̀ ń lọ dáadáa tó bá wà nínú wáyà USB, tí wọ́n bá yọ ọ́ á kú: bátìrì ti rẹ̀. Ẹ má sọ ìdáhùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí fún wọn. Ẹ fún wọn ní mítà tí wọ́n fi ń wọn iná.

Tẹ́ ẹ bá ń lo bátìrì 18650, èyí tí wọ́n ń yọ lára láptọ́ọ̀pù, kí àgbà nìkan máa ṣáàjì rẹ̀, kí ó má sì kúrò lójú. Bí ẹnu rẹ̀ méjèèjì bá kan ara wọn, ó lè gbiná. Fún àwọn ọmọ kéékèèké, AA ti tó.

Ọ̀sẹ̀ kẹrin: iṣẹ́ fún ẹni tó nílò rẹ̀

Ní ọjọ́ Ajé, a kì í jókòó. A máa ń rìn káàkiri àdúgbò, kí àwọn ọmọ máa bi àwọn èèyàn pé kí ló ń dà wọ́n láàmú lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Èyí tó yọrí jù nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti ṣe ni ti tánkì omi. Ilé tó ní bórhóólù mọ ìyọnu yìí: wọ́n á tan ẹ̀rọ tó ń fa omi, wọ́n á gbàgbé, omi á kún, á máa dà sílẹ̀ pẹ̀lú owó iná. Àwọn ọmọ gbé HC-SR04 sábẹ́ ìdérí tánkì, ojú rẹ̀ wo omi nísàlẹ̀. Bí omi bá ti gòkè dé sẹ̀ǹtímítà 20 sí i, ó máa ké. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kìíní, ó kú lọ́jọ́ kejì, torí ooru omi ti wọ inú sẹ́ńsọ̀. Wọ́n tún un ṣe: wọ́n fi ike ìgò omi ṣe ilé fún un, ojú rẹ̀ méjèèjì nìkan ló wà níta. Ìyá tó ni tánkì náà sanwó fún wọn. Owó kékeré ni, àmọ́ mo rí ojú àwọn ọmọ náà nígbà tí wọ́n gbà á.

Ọ̀sẹ̀ yìí náà lẹ máa pe àwọn òṣìṣẹ́ wá. Ẹ má pe ẹni tó máa wá sọ ọ̀rọ̀ ìṣírí. Ẹ pe ẹni tó ń to sólà sórí ilé, ẹni tó ń tún fóònù ṣe, ẹni tó ń kọ kóòdù látilé fún ilé iṣẹ́ tó wà ní Jámánì, nọ́ọ̀sì tó ń lo ẹ̀rọ ní ọsibítù. Kí wọ́n mú irinṣẹ́ wọn dání, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe lánàá láti àárọ̀ di alẹ́, kí wọ́n sì sọ ìgbà kan tí nǹkan bàjẹ́ mọ́ wọn lọ́wọ́.

Mo tún máa ń sọ fún wọn nípa Silas Adekunle, ọmọ Nàìjíríà tó lọ kọ́ iṣẹ́ rọ́bọ́ọ̀tì ní yunifásítì ní Bristol, tó wà lára àwọn tó dá ilé iṣẹ́ Reach Robotics sílẹ̀, tí rọ́bọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin wọn, MekaMon, sì dé ilé ìtajà Apple ní 2017. Mo máa ń sọ pẹ̀lú pé ilé iṣẹ́ náà kógbá sílé ní 2019, àti pé ìmọ̀ tó wà lórí rẹ̀ kò bá a kógbá sílé.

Ẹ bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde JSS3 jókòó lọ́tọ̀, pẹ̀lú òbí wọn. Oṣù Kẹsàn-án yẹn gan-an ni wọ́n máa ní kí wọ́n yan sáyẹ́ǹsì, áàtì tàbí kọmásà, ọ̀pọ̀ ló sì ń yàn án nítorí ọ̀rẹ́. Ọmọ tó bá fẹ́ ṣe ẹ̀ńjíníà máa nílò Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Físíìsì àti Kẹ́mísírì ní JAMB. Ẹni tó bá fi Físíìsì sílẹ̀ ní SS1 ti ti ilẹ̀kùn náà mọ́ ara rẹ̀ ní ọmọ ọdún 14. Ẹ̀ka Mechatronics, ìmọ̀ tó pa ẹ̀rọ, iná àti kọ̀ǹpútà pọ̀, wà ní FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà ní Alábàtà, tí kò jìnnà sí wa níbí. Ẹ mú wọn débẹ̀ bí ààyè bá wà, kí wọ́n fojú ara wọn rí yàrá iṣẹ́. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n rò pé yunifásítì nìkan lọ̀nà. Pólì ń fúnni ní ND lẹ́yìn ọdún méjì, HND lẹ́yìn méjì míì, àwọn tó ń jáde níbẹ̀ mọ irinṣẹ́ lò.

Lọ́jọ́ ìparí, ẹ pe àwọn òbí. Kí ọmọ kọ̀ọ̀kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, kó sì sọ ọ́ ní Yorùbá kí ìyá àgbà rẹ̀ lè gbọ́ ọ: ohun tó ń ṣe, bó ṣe ń ṣe é, àṣìṣe kan tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú kó jáwọ́. Kí ó ka ti àṣìṣe náà jáde látinú ìwé rẹ̀. Ẹ má pín ẹ̀bùn ipò kìíní. Ìyá àgbà kan béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ pé ṣé ọkọ̀ náà lè rí ewúrẹ́. Ọmọ náà gbé bàtà kan síwájú rẹ̀, ọkọ̀ yà. Ìyá àgbà ní kó tún un ṣe.

Lẹ́yìn họlidé

Bí gbogbo rẹ̀ bá parí sínú oṣù Kẹjọ, wọ́n á gbàgbé kó tó di Kérésìmesì. Ẹ ṣí gbọ̀ngàn náà sílẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé kan lóṣù, wákàtí mẹ́ta, láìsí olùkọ́ tó ń kọ́ni, kí àgbà kan ṣáà ti wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yá àpótí lọ sílé. Ẹ wá èyí tó ń ka àpótí rẹ̀ pé jù láàárín wọn, kẹ́ ẹ fún un ní kọ́kọ́rọ́ àti ìwé kan, kó máa kọ orúkọ ẹni tó yá a sínú rẹ̀, nọ́ńbà àpótí, ọjọ́ tó gbé e lọ, àti ohun tí kò pé nígbà tó dá a padà.